Owó Dísù àti Owó Sólà Kì í Gbé Inú Àpò Kan Náà

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkìtì, yàrá kékeré tí ẹní mẹ́ta yóò kún, tí a kì í ṣí nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. A ń ka dúkìá ilé-ẹ̀kọ́ ní òpin ọdún gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, èmi sì ni mo ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti ọ́fíìsì Bọ́sà, ìyẹn ọ̀gá àwọn oníṣirò owó ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí káfíńtà bá wa já àgádágodo, òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Bátìrì sólà ńláńlá 24 ló tò sórí àtẹ irin, ikùn àwọn mìíràn ti wú, nǹkan funfun bí èlùbọ́ sì ti bo ẹnu wọn. Alángbá ti yé ẹyin sẹ́yìn ìńfátà. Lára ògiri, àwòrán ayẹyẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ṣì wà níbẹ̀: Gíwá ìgbà náà nínú agbádá funfun, ó mú sísọ́ọ̀sì dání, ó ń gé rìbọ́nì, gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ara mi nínú àwòrán náà.

Mo ké sí olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó iná, omi àti àtúnṣe ilé, ọmọkùnrin onísùúrù kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, mo sì bi í pé báwo ni irú èyí ṣe ṣẹlẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, a kọ̀wé." Mo ní ta ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kò fèsì, ó lọ mú fáìlì rẹ̀ wá. Ìwé náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, láti ibẹ̀ ó lọ sí ẹ̀ka tó ń ṣètò ilé kíkọ́, láti ibẹ̀ ó bọ́ sọ́dọ̀ àwa oníṣirò owó, ibẹ̀ sì ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, mo wá a títí mo fi rí i. Ẹnìkan ti fi bírò búlúù kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Kò sí owó lábẹ́ àkọlé yìí. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ná." Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun kan tí mo rò pé àwọn tó ń bójú tó owó àti dúkìá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í sábà sọ síta, ìyẹn ni pé ohun tí kò jẹ́ kí nǹkan wa tọ́jọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àìlówó, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà kì í ṣe irọ́. Bí a ṣe tò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni. Àpò kan wà fún owó oṣù, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àpò kejì wà fún ìnáwó ojoojúmọ́, níbi tí bébà, omi, owó iná àti dísù ti ń jáde. Àpò kẹta wà fún iṣẹ́ àkànṣe, ilé kíkọ́ àti irinṣẹ́ ńlá, èyí tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí ọ̀dọ̀ TETFund ló ti ń wá jù. TETFund yìí, tí òfin ọdún 2011 fi rọ́pò àjọ owó orí ẹ̀kọ́ tó wà láti ọdún 1993, ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tuntun tí ènìyàn ń rí bí ó bá gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kọjá láti Ìkéré dé Ọ̀yẹ́, inú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ sì ni wọ́n ti ń yọ owó náà. Ṣùgbọ́n òfin sọ ohun tí a lè fi ṣe: ilé, irinṣẹ́, ìwé, ìwádìí, àti rírán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. TETFund kì í san owó dísù. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún ilé-ẹ̀kọ́ láti gba gbọ̀ngàn tuntun ju kí ó rí owó pààrọ̀ gílóòbù inú gbọ̀ngàn àtijọ́ lọ.

Ẹ wá wo bátìrì nínú ètò yìí. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí àpò ojoojúmọ́ lè gbé lẹ́ẹ̀kan lọ, ó sì kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kọ̀wé sí Àbújá lé lórí lọ. Dísù, ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta lónìí, méjì lọ́la, ìwé ìsanwó rẹ̀ kì í tó ohun tí ẹnìkan ń bi mí léèrè, èmi náà a sì fọwọ́ sí i bí mo ṣe ń fọwọ́ sí owó tíì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rí ìwé náà, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò, mo ro gbogbo dísù tí a sun fún ilé-ìkàwé nìkan láti ìgbà tí bátìrì ti kú. Ìbá ra bátìrì wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ fún ọkọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú tì mí.

Lápá Ìsẹ̀ ni bàbá mi ti dá oko kòkó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ọkùnrin márùn-ún tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn máa ń wá síbẹ̀ ní ọjọ́ kan, ní ọjọ́ kejì bàbá mi náà yóò gbé àdá rẹ̀ lọ sí oko òmíràn nínú wọn, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Àáró ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá yóò rán ọmọ rẹ̀, ẹni tí kò rí ọmọ rán yóò san án padà lọ́jọ́ mìíràn, kò sì sí akọ̀wé kankan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbàgbé rí. Ohun tí n kò mọyì rẹ̀ nígbà náà ni pé ẹni tó bá ti roko fún ọ mọ gbogbo igun oko rẹ: ó mọ ibi tí omi ti ń dúró, ó mọ ibi tí òbúkọ aládùúgbò ti ń gba wọlé. Kò ní sọ pé èyí kò kan òun, nítorí ọ̀la ni ti òun.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò pe èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan, yóò gún iyán fún wọn, wọn yóò ṣiṣẹ́, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì lọ láìjẹ ara wọn ní gbèsè kankan. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí n kò lè kà mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìgbìmọ̀ lórí iná, lórí omi, lórí ìmọ́tótó, lórí ètò ọdún márùn-ún. Ọ̀wẹ̀ ni gbogbo wọn. A ó pa òwe àgbájọ ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó jẹ míìtì-páì, a ó gba owó ìjókòó, alága yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kálukú yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ igun kan nínú oko ẹnìkejì. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bátìrì, mo bẹ Ẹnjiníà pé kí a gbìyànjú àáró. Àwa mẹ́rin la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: èmi láti ọ́fíìsì Bọ́sà, òun, obìnrin kan láti ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, àti olùkọ́ kan tó ń bójú tó tìmútébù, ìyẹn ètò àkókò kíláàsì, fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìdajì wákàtí. Kò sí owó ìjókòó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí olùkọ́ náà bi mí tààrà pé irú ìpàdé wo nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo tí a fi lélẹ̀ ni pé ibi iṣẹ́ ẹnìkan nínú wa ni a ó ti máa pàdé, lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó ni ibẹ̀ sì fi ohun tó ń dà á láàmú hàn wá, kí a fi ojú wa rí i, kí ó má ṣe kà á létí wa láti inú ìwé.

Nígbà tó kan Ẹnjiníà, ilé ẹ̀rọ amúnáwá ló kó wa lọ. Ariwo kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, a dúró síta lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tan ẹ̀rọ náà, ó sì ní ìwé kan, ìwé àwọn ọmọ iléèwé aláwọ̀ pupa, tí epo ti rin etí rẹ̀. A ti kọ́ ọ pé kí ó máa kọ aago tó tàn án, aago tó pa á, àti iye dísù. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ti fi ohun kan kún un fúnra rẹ̀. Mo kà á sókè fún àwọn yòókù: "Mo tàn án 6:40. Mo pa á 9:55. Ènìyàn méje ló wà ní LT." (LT ni gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń kọ́ni.) Ojú ìwé kejì: "Ènìyàn mọ́kànlá. Mẹ́ta ń sùn." A bi í pé ta ló ní kí ó máa ka ènìyàn. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí òun kà wọ́n, pé òun kàn fẹ́ mọ àwọn tí òun ń tan iná fún ni.

Olùkọ́ tìmútébù gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òun ló fi kíláàsì ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta sí ìpẹ̀kun mẹ́ta nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ̀rọ mẹ́ta fi ń jó lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi owó ṣòfò. Nínú tìmútébù rẹ̀, yàrá ṣófo, kíláàsì sì nílò yàrá, ó parí. Kò sí ìlà kankan lórí bébà rẹ̀ tó sọ iye tí iná yàrá kọ̀ọ̀kan ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí ìlà kankan lórí ìwé ìsanwó tèmi tó sọ iye ènìyàn tó jókòó sínú iná. Ní sáà tó tẹ̀lé e, gbogbo kíláàsì ìrọ̀lẹ́ bọ́ sínú ilé kan ṣoṣo, ẹ̀rọ méjì sì dákẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò jáde nínú àpò kankan.

Kì í ṣe gbogbo Ọjọ́rú ló dùn báyìí o. Ó lé ní oṣù kan tí a fi jiyàn lórí omi láìrí ojútùú. Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè má mọ̀: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ASUU ti àwọn olùkọ́, SSANU, NASU àti NAAT ti àwọn yòókù, ìfura tó wà láàárín olùkọ́ àti ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ sì ti pẹ́. Olùkọ́ gbà pé àwa oníṣirò owó ń fi owó pamọ́. Àwa gbà pé olùkọ́ kò mọ ibi tí owó ti ń wá. Ìgbà tí obìnrin ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà sọ̀rọ̀ sí olùkọ́ náà bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí inú olùkọ́ náà tó rọ̀.

Ó yẹ kí Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ pa yunifásítì mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan: Yunifásítì Adó-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ní ní Ìkéré, àti ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìfàkì. Ohun tó bí i ni pé apá ìpínlẹ̀ kékeré kan kò ká bíbọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò owó rí yóò mọ̀ pé orúkọ tuntun ló rọrùn jù nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi wà nínú ìwé owó mẹ́ta tí kò bá ara wọn mu, àtòkọ ọ̀gá mẹ́ta tí ẹni tó ṣáájú níbí di ọmọ ẹ̀yìn níbẹ̀, àti gbèsè tí kálukú fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ní ọdún 2020, Ìkéré tún di yunifásítì lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí wọ́n sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ibẹ̀ di èyí tó ń jẹ́ orúkọ Bamidele Olumilua. N kò ní sọ pé ó dára tàbí kò dára. Mo kàn mọ̀ pé Bọ́sà kan wà níbẹ̀ tí òun náà ń wá owó dísù.

Àwọn ará òkè òkun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Ní ọdún 1990, àwọn olórí yunifásítì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Talloires ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìpinnu lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe máa tọ́jú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé tó dára ni. Ṣùgbọ́n gíwá ló fọwọ́ sí i, gíwá kọ́ ló sì ń fọwọ́ sí ìwé dísù. Èyí tó wù mí jù ni ohun tí Harvard ṣe ní Amẹ́ríkà: wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀, tó dàgbà di mílíọ̀nù 12 dọ́là, ẹ̀ka tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí yóò dín ìnáwó iná tàbí omi kù yóò yá nínú rẹ̀, yóò sì fi ohun tó bá fi pamọ́ lórí owó iná san án padà, kí ẹlòmíràn lè yá a. Ìyá mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Ọba ní Adó ìbá ti mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èsúsú ni, àfi pé iná ló ń dá a. Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sólà sínú àwọn yunifásítì kan, èyí tó wà ní Bayero ní Kánò, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, tó mẹ́gáwáàtì 7.1. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nítorí yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé yẹn, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ nígbàkigbà tí mo bá rí àwòrán rìbọ́nì ni orúkọ àpò tí bátìrì kejì yóò ti jáde.

Àwa náà dá èsúsú tiwa. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé a kò lè ṣí àkáǹtì bó ṣe wù wá, orí ìwé ló wà, ìlà kan tí mo yà sọ́tọ̀ nínú ìwé owó tí Gíwá fọwọ́ sí: ohun tí a bá fi pamọ́ lórí dísù lóṣooṣù yóò bọ́ síbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn ju ohun tí yóò tún dín dísù kù lọ. Láti inú rẹ̀ ni a ti ra bátìrì mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ilé-ìkàwé tún ń tàn ní alẹ́. Bàbá ẹlẹ́rọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Òní, n kò tan ti ilé-ìkàwé."

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó sì di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ láìsí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ sí oṣù mẹ́jọ láìsí owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń pa wọlé fúnra rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé owó dísù fò sókè. Àwọn ọlọ́dẹ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí a ń fi owó ọwọ́ wa san fún, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi láàárọ̀. Wọn kò pariwo. Wọn a kàn kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ Mà," wọn a sì tún jókòó. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì mọ òwe náà dáadáa ní ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i pé kí a kó ohun tó wà lórí ìlà yẹn san owó àwọn ọlọ́dẹ. Ẹnjiníà kò bá mi jà. Ó ní, "Màmá, ó ti yé mi." Ìbá sàn fún mi bí ó bá jà. Díẹ̀ nínú owó náà padà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò padà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n kò rò pé ọwọ́ mi yóò gba ọ̀nà mìíràn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ọlọ́dẹ fún oṣù kan kò ní ní bátìrì láti ṣọ́.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2023. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí owó iná àwọn tó wà ní ipele A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo yúníìtì 100,000 lóṣù, tó ń san mílíọ̀nù 6.8, yóò jí láàárọ̀ ọjọ́ kan bá mílíọ̀nù 22.5. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin, tí ilé-iṣẹ́ iná tó ń pín iná fún wọn jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwa ní Èkìtì, ti tú síta nítorí òkùnkùn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé àkóso ọ̀rọ̀ iná inú ìpínlẹ̀ lé ìjọba Èkìtì lọ́wọ́. Ó lè mú nǹkan rọrùn. Bọ́sà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ti lọ, Gíwá ti lọ, ọdún márùn-ún péré ni òfin fún kálukú wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, kòkó tí bàbá mi gbìn sì máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé sólà wọlé lónìí ń gbé e wọlé fún ẹni tí yóò jókòó sí àga rẹ̀.

Ẹnjiníà náà ti ní ìgbéga, ó ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó gba ipò rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pè mí ní Ìyá Àgbà, èyí tí n kò tíì pinnu bóyá mo fẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ó fi àwòrán ìwé pupa tuntun kan ránṣẹ́. Bàbá ẹlẹ́rọ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ṣì ń ka ènìyàn: "Ènìyàn ogójì. Kò sẹ́ni tó ń sùn." Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, wọ́n ti fa ìlà mẹ́rin fún àwọn tó ń pàdé ní Ọjọ́rú láti fọwọ́ sí. Ti Ẹ̀ka Àtúnṣe wà níbẹ̀, ti tìmútébù wà níbẹ̀, ti ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà náà wà níbẹ̀. Ìlà ọ́fíìsì Bọ́sà ṣófo. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọ̀gá tuntun ibẹ̀ sọ pé kí àwọn kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí òun.